Orúkọ Dorila Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Pè

Malvín, Montevideo,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹwàá, ọdún 2022.

Amparo, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Walter ọkọ rẹ, mo sì kí gbogbo màlúù tí ẹ ń tọ́jú ní Tacuarembó, àwọn tí ara wọn le àti àwọn tí ara wọn ò yá. Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ nínú ayọ̀, inú mi á dùn. Bí ó bá sì bá ọ nínú ìbínú, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fura, jókòó, fi omi gbígbóná po ewé máté rẹ, máa mu ún, kí o rọra kà á tán kí o tó gbé fóònù. Èmi wà dáadáa. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, ojú mi ṣì ń ríran, ẹnu mi, gẹ́gẹ́ bí o ti gbọ́, kò tíì rẹ̀ ẹ́.

Mo ti rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní o kà á nínú ìwé ìròyìn pé ìyá arúgbó méjì da ayẹyẹ yunifásítì rú, o sì rí i pé ọ̀kan nínú wọn ló bí ọ. O ní ojú tì ọ́ níwájú àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. O kọ ọ́ báyìí pé: "Mọ́mì, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni yín. Ọ̀jọ̀gbọ́n Berrutti ti kú tipẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò lè gba àmì ẹ̀yẹ, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ jókòó?" Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí n dáhùn. Ṣùgbọ́n n kò ní tọrọ àforíjì o. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o má baà máa wá a kiri títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn.

Ọdún 1968 ni mo wọ yàrá ìwádìí Ovidio Berrutti. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, obìnrin kan ṣoṣo láàárín ọkùnrin mẹ́jọ tí ń fa sìgá. Iṣẹ́ wa ni kí a gé ẹ̀dọ̀ màlúù ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, kí a rẹ ẹ́ sínú aró, kí a tẹ́ ẹ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kí a wá fi awò tí ń sọ ohun tíntìntín di ńlá wo àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tí màlúù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, ẹ̀dọ̀ kò lè wọ́n wa.

Dorila Pintos, tí èmi ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Doña, ló máa ń lọ gbé ẹ̀dọ̀ náà wá láti odò ẹran ní Cerro, nítorí pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń pa ẹran níbẹ̀. Afọ-gíláàsì ni wọ́n gbà á sí. Ọdún mẹ́fà péré ló lò nílé ìwé. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin yẹn, Amparo! Àwa tí a gba oyè dókítà á gé ẹ̀dọ̀, á ya. Òun á gé e, á fò lórí abẹ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Kí ọdún kejì tó pé, òun ló ń gé gbogbo rẹ̀, òun ló ń po aró, ṣùgbọ́n ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ò yí padà. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀ láti òkè òkun, Berrutti fúnra rẹ̀ á ní, "Ẹ pe Dorila." Bí àlejò bá wá dé tán, á ní kí Dorila lọ gbé omi kaná fún máté.

Ọdún kan wà tí òjò kọ̀, tí koríko jóná, tí àwọn màlúù tí ń wọ odò ẹran rí bí àga tí wọ́n da awọ bò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan Dorila fà mí láṣọ. Ó ní, "Dókítà, ẹ wá wo nǹkan." Ó ti fi gíláàsì kan sílẹ̀ nínú aró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí pé ojú aró náà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo fojú sí awò. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹ̀kán dúdú kéékèèké wà níbẹ̀, tí a ò rí rí. Mo gbé e lọ bá Berrutti. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Ìdọ̀tí aró ni. Ẹ sọ fún obìnrin yẹn kó máa fọ gíláàsì dáadáa."

Nígbà tí mo jẹ́ iṣẹ́ yìí fún Dorila, ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ìdọ̀tí kẹ̀? Ìdọ̀tí kì í mọ ibi tó máa jókòó sí. Àwọn wọ̀nyí, ẹ̀gbẹ́ kan náà ni wọ́n ń jókòó sí nínú gbogbo sẹ́ẹ̀lì, bí opó tó ní ìjókòó tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà, ẹ jẹ́ kí n ní kí ẹ̀gbọ́n mi ya ẹ̀dọ̀ màlúù tó rù sọ́tọ̀, kó ya ti èyí tó sanra sọ́tọ̀." Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwádìí, Amparo. Ohun tí mo fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ní yunifásítì, ó dé ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń sọ iye iyọ̀ tí ọbẹ̀ ń fẹ́.

A ṣe igba gíláàsì lé méjìlá. Nínú èyí tó rù, ẹ̀kán yẹn kún. Nínú èyí tó sanra, díẹ̀ ló wà. Sẹ́ẹ̀lì tí ebi ń pa ló ń kó àjẹkù ara rẹ̀ jọ sí igun kan, kó lè rí i jẹ títí òjò á fi rọ̀. Àwọn mìíràn ti rí irú rẹ̀ lára eku níbòmíràn, n kò ní pa irọ́ fún ọ pé àwa la kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n láyé. Ṣùgbọ́n lára màlúù tiwa, nínú ọ̀dá tiwa, pẹ̀lú aró tí a pò fúnra wa, àwa ni. Mo ya àwọn fọ́tò rẹ̀. Ìlà kan há sí igun awò tí mo ń lò, ó sì hàn nínú gbogbo wọn lápá òsì lókè.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ṣọ́jà gba ìjọba, wọ́n sì gba yunifásítì pẹ̀lú. Ní 1974 wọ́n gbé ìwé kan síwájú wa pé kí a fọwọ́ sí i pé a gbà pẹ̀lú wọn. Berrutti fọwọ́ sí i, ó sì di olórí. Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Wọ́n fún mi ní wákàtí kan kí n kó ẹrù mi. O ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà. Bàbá rẹ ti sá lọ sí òkè òkun, kò sì padà mọ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ kan mú ìwé ìwádìí ilẹ̀ òkèèrè kan wá fún mi. Fọ́tò mi ni mo rí níbẹ̀, mẹ́fà, pẹ̀lú ìlà lápá òsì lókè, orúkọ Ovidio Berrutti nìkan ló sì wà lábẹ́ wọn. Ohun tó pè ní ìdọ̀tí ti di ọlá rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ilé ìdáná wa fi di kíláàsì. O rántí àwọn ọmọ ilé ìwé tí ń wá ní méjì-méjì, torí pé bí wọ́n bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ṣọ́jà á pè é ní ìpàdé tí òfin kọ̀. Wọn ò ní ìwé tí wọ́n lè kà. Àwọn ìwé tó wà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì kún fún àwọn ewéko tí ẹnikẹ́ni níbí ò fojú rí rí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tèmi ní èdè wa lórí tábìlì tí ìwọ ti ń jẹun. Mo fi awọ àlùbọ́sà kọ́ wọn, mo fi ewé máté kọ́ wọn, mo fi ẹ̀dọ̀ màlúù kọ́ wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin mẹ́jọ yẹn pàdé mi lójú títì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Nélida, sáyẹ́ǹsì kì í sọ èdè tiwa." Mo ní, "Sẹ́ẹ̀lì kì í sọ èdè kankan. Àwa la ń sọ̀rọ̀. Kúrò lọ́nà mi, àlùbọ́sà mi ń dúró dè mí."

Ṣùgbọ́n mo nílò àwọn gíláàsì náà kí n lè ya àwòrán, yàrá Berrutti ni wọ́n sì wà. Dorila kò tíì kúrò níbẹ̀, torí ó ní ọmọ mẹ́ta. Bí ó ṣe ń kó wọn jáde nìyí: ó to gíláàsì mẹ́wàá-mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀ agolo, ó fi aṣọ bò wọ́n, ó sì to membrillo, àdídùn tí a fi ń jẹ wàràkàṣì, lé e lórí. Ní ọjọ́ kan ṣọ́jà ẹnu ọ̀nà ní kó ṣí agolo. Ó ṣí i. Ṣọ́jà náà mú membrillo kan, ó jù ú sẹ́nu. Dorila wò ó, ó ní, "Mú ẹyọ kan sí i, ọmọ mi. Ebi ń pa ọ́, mo rí i lójú rẹ." Ojú ti ọmọkùnrin náà, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa agolo dé. Nígbà tí Dorila dé ilé wa, orí ilẹ̀ ilé ìdáná ló jókòó sí. Bí wọ́n bá mú un, Amparo, ẹ̀wọ̀n ni. Ìgbà mọ́kànlélógún ló ṣe é, ó sì fi méjì tó kù sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Ní 1978 a fi ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tẹ ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ìwé náà. A ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, torí orúkọ lè pa ènìyàn nígbà yẹn. Nígbà tí àwọn ṣọ́jà lọ, tí wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́, ilé ìtẹ̀wé kan gbà á ní 1986. Ìyókù, ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń kà á ní Asunción, wọ́n ń kà á ní Lima, àwọn dókítà tó wo orúnkún mi lóṣù tó kọjá sọ fún mi pé òun ni wọ́n fi yege ọdún kìíní.

Mo wá fẹ́ sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. Ní 1986 mo kọ orúkọ Dorila sí iwájú ìwé náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé ní, "Dókítà, ta ló máa ra ìwé tí afọ-gíláàsì kọ?" Mo bá a jà. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ni mo fi bá a jà, ọmọ mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbà. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé tó kẹ́yìn pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ "gbogbo òṣìṣẹ́ yàrá ìwádìí." Èmi tí n kò bẹ̀rù ṣọ́jà, èmi tí mo kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé wọn, mo fọwọ́ sí ìyẹn. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀, mo máa ń mú ẹ̀dà kan lọ fún un ní Cerro. Á fọwọ́ gbé e wò, á ní, "Ó wúwo o, dókítà," á sì fi í sábẹ́ tẹlifísàn. Kò béèrè rí. Èmi náà ò sì sọ.

Ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá, Fabricio Sanguinet, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wa báyìí, wá sílé mi pẹ̀lú òdòdó. Ó ní wọ́n fẹ́ fún mi ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n sì fẹ́ sọ yàrá tuntun kan ní orúkọ Berrutti àti tèmi pọ̀. Àwọn ọmọ Berrutti ló ra àwọn ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kà jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ pé: "Lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Ọ̀jọ̀gbọ́n Berrutti..." Mo ní kó dúró. Mo ní kó yọ ìtọ́sọ́nà yẹn kúrò, kó sì fi orúkọ Dorila Pintos síwájú tèmi. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Dókítà wa, ẹ dákun, obìnrin yẹn ò wọ ilé ìwé girama."

"Ìwọ tó wọ̀ ọ́," ni mo bi í, "o ti gé ẹ̀dọ̀ kan rí tí kò ya?" Mo ní n kò gba nǹkan wọn mọ́. Mo dá òdòdó rẹ̀ padà fún un, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ara mi yá gágá. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Cerro lọ́jọ́ kejì láti lọ ròyìn fún Dorila, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn. Mo rò pé á dì mọ́ mi. Kò dì mọ́ mi. Láti 1968, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní "ìwọ."

"Ta ló rán ọ?" ni ó wí. "Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ìwé rẹ fi wà lábẹ́ tẹlifísàn mi. Mi ò lè kà á tán, ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ mi bí mo bá rí i, mi ò sì rí i. O wá kọ àmì ẹ̀yẹ lánàá nítorí mi, nínú pálọ̀ rẹ, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì. Ta ló gbọ́? Irú ìjà wo nìyẹn, Nélida? Ẹni tó bá fẹ́ jà fún mi, kó jà níbi tí etí wà."

Mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sun ún dáadáa. Lẹ́yìn náà ó po máté, ó fọwọ́ wá ọwọ́ mi, ó fi igbá rẹ̀ sí i. "Ọjọ́ wo ni wọ́n ní?" Mo ní, "Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Doña Dorila." Ó ní, "Ó dáa. Aṣọ búlúù mi ṣì wà." Mo pe Sanguinet, mo ní mo ń bọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé ìbínú arúgbó ti lọ. N kò parọ́ fún un. Kò bi mí léèrè ni.

Gbọ̀ngàn náà kún. Mo di Dorila lọ́wọ́ mú lọ sí iwájú. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń júwe ìjókòó ní, "Ẹ má bínú, ìyá, ẹbí nìkan ló ń jókòó níwájú." Dorila ní, "Ẹbí kẹ̀? Èmi ni ìyá àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn," ó sì jókòó. Sanguinet ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà yẹn, láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ fún mi, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Mo ní, "Ohun tí ẹ gbọ́ yìí kì í ṣe òótọ́." Mo sọ ọdún rẹ̀, mo sọ ọ̀dá, mo sọ aró. Mo ní, "Dorila Pintos tó jókòó níbí ló kọ́kọ́ rí i. Ovidio Berrutti pè é ní ìdọ̀tí, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lórúkọ ara rẹ̀ nígbà tí wọ́n lé mi. Olè àkọ́kọ́ nìyẹn. Èmi ni olè kejì. Ìgbà mẹ́jọ ni mo tẹ ìwé tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, orúkọ rẹ̀ ò sí nínú rẹ̀." Bí mo ṣe sọ èyí tán ni gbohùngbohùn kú. Mo rí ẹni tó pa á. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ Berrutti dìde, ó ń pariwo, "Ẹ bọ̀wọ̀ fún òkú!"

Ìgbà náà ni Dorila dìde. Ọmọ odò ẹran ni, Amparo. Láàárín igbe màlúù ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn. Kò nílò gbohùngbohùn. Ó ní, "Òkú ti gbọ́. Alààyè ló kù. Ẹ fetí sílẹ̀, kí n sọ bí a ṣe ń ṣe é fún yín." Ó di àga mú, ó sì bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń mú ẹ̀dọ̀ kí ó tó tutù, bí a ṣe ń pọ́n abẹ, bí ọwọ́ kò ṣe gbọdọ̀ yára. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà lẹ́yìn kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo rí i tí wọ́n ń mú bírò jáde. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè bí ẹni wà ní kíláàsì, ó ní, "Ìyá, báwo lẹ ṣe ń mọ ìgbà tí aró náà bá tó?" Dorila dáhùn pé, "Imú ni. Bí òórùn rẹ̀ bá ti dà bíi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ nínú ọwọ́ tó làágùn, yọ ọ́." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdajì wákàtí ló fi kọ́ wọn, kò sí ẹni tó lè dá a dúró, Sanguinet kàn ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ ṣáá. Mo fi àmì ẹ̀yẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, a sì jáde.

Kí n má tàn ọ́ jẹ: a kò borí. Orúkọ Berrutti nìkan ni wọ́n kọ sára yàrá náà. Ilé ìtẹ̀wé ní àwọn ò ní tẹ ìwé náà ní ìgbà kẹsàn-án bí orúkọ Dorila bá wà níwájú. Mo ní kí wọ́n dá a padà fún mi. Gbogbo ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ẹtì ni mo ń lọ sí Cerro báyìí. A ń tún ìwé náà kọ: òun ń sọ, èmi ń kọ. Orí keje la wà, ó sì ti bá mi rí àṣìṣe mẹ́ta tó ti wà nínú rẹ̀ láti 1986. O ní ojú tì ọ́ nítorí Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ojú ti èmi náà rí, ọmọ mi, ọdún mẹ́rìndínlógójì gbáko. Ọjọ́bọ̀ yẹn ló dá a dúró.

Kí Ọlọ́run pa ìwọ àti Walter mọ́. Kí ọwọ́ rẹ má gbọ̀n nídìí iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ rẹ jẹ, kí ìwọ náà má sì fi ti ẹlòmíràn jẹ. Bí o bá sì ṣe é láìmọ̀, kí o pẹ́ láyé tó láti tún un ṣe ní gbangba.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò kábàámọ̀,
Nélida Arrospide.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ àpò ìwé yìí ni lẹ́tà yunifásítì dé. Wọ́n ní kí n wá gba àmì ẹ̀yẹ mi láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbé e sínú àpótí. Bébà rẹ̀ nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Ohun tí mo fẹ́ rà lọ́jà ni mo kọ sí i: búrẹ́dì, ọ̀dùnkún, ewé máté kílò kan, lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé méjì.